Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Ọtí Mi Kan

Nígbà tí ìròyìn dé ìlú wa, Cochabamba, pé ogun wa ti fọ́ ní Pocona, mo ti orí bọ inú ìkòkò ọtí, mo kọ ìdí sí ọ̀run, mò ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìdí mi nígbà náà kì í ṣe kékeré. Àwọn ọkùnrin àdúgbò a máa sọ pé bí Ubalda bá bẹ̀rẹ̀ nínú àgbàlá, àwọn adìyẹ a rò pé ilẹ̀ ti ṣú, wọn a wọlé lọ sùn. Nítorí náà, ìdí mi ni Casimira, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, kọ́kọ́ ròyìn ogun fún.

"Ubalda! Fi ìkòkò yẹn sílẹ̀. Wọ́n ti tú wa ká."

"Ta ló tú ta ká?" Ohùn mi ń dún nínú ìkòkò bí ohùn ẹni tó ti kú tipẹ́.

"Ogun Ọba Sípéènì ni. Àwọn tó kù nínú tiwa ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà, wọn ò tó nǹkan. Ọmọ rẹ wà láàárín wọn. Ẹsẹ̀ ló ń wọ́."

Mo yọrí, etí ìkòkò gbá mi ní ìpàkọ́, mo bú ìkòkò, mo bú Ọba Sípéènì, mo sì bú Casimira nítorí pé òun ló sún mọ́ mi jù. Lẹ́yìn náà mo sáré.

Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Ìgbóná mú méjì lọ. Ihò fàdákà ní Potosí gbé ìkẹta mì, kò pọ̀ ọ́. Evaristo nìkan ló kù, a-gòkè-má-mí-hẹlẹ, ọmọ tó jẹ́ pé bó bá ń rẹ́rìn-ín ní òkè odò, àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ odò yóò máa béèrè ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Ọta ìbọn ti fọ́ orúnkún rẹ̀ ọ̀tún. Ó rọ̀ mọ́ ọ̀pá bí àgbàlagbà.

"Ìyá mi, ẹ má pariwo," ó ní.

"Ṣé mo ti la ẹnu ni?"

"Mo rí i pé ẹ ti ń mí sínú."

Ó sọ ohun tó rí fún mi. Àwọn ọmọ ogun Ọba ń bọ̀ tẹ̀lé wọn lẹ́yìn gan-an. Níbikíbi tí wọ́n bá dé, wọ́n ń yẹ àwọn ọkùnrin wò bí ẹni ń yẹ ẹran wò lọ́jà. Ẹni tí wọ́n bá bá ẹ̀tù ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ọgbẹ́ lára rẹ̀, wọ́n ń tì í mọ́ ògiri, wọ́n ń yìnbọn fún un. Wọn kì í béèrè orúkọ. Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwa náà gbọ́ tẹ́lẹ̀, a sì gbọ́n níwọ̀nba, ṣùgbọ́n òkè ló yí àfonífojì wa ká, ọ̀nà tó sì jáde níbẹ̀ ni ọ̀nà tí ogun ń gbà bọ̀. Ọmọ mi kò lè gun òkè mọ́. Bí mo ṣe ń fi omi gbígbóná wẹ orúnkún rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bá ara mi sọ: èyí kò gbọdọ̀ kú.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbìmọ̀ ìlú pe gbogbo wa sí ojúde, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ tó ṣẹ́ kù dúró bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Olórí ìgbìmọ̀, ọkùnrin tín-ínrín kan tí ẹ̀rù ti sọ ohùn rẹ̀ di ohùn ẹ̀fọn, béèrè bóyá ká jà tàbí ká bẹ̀bẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́.

"Ṣé ikọ́ lẹ fẹ́ wú pa wọ́n ni?" Casimira ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìbàdí mú, àmì pé ìjà ti dé.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fọgbọ́n ṣe é," olórí wí. "A ti rán ẹni lọ bẹ̀ wọ́n. Wọn ò dá ẹni náà lóhùn."

"Tí wọn ò bá gbẹ̀bẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ fọgbọ́n ṣe? Ẹ fẹ́ fọgbọ́n kú ni?"

Don Gaspar alágbẹ̀dẹ bọ́ síwájú, ó ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Àgbá ogun wà nílẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín. Kò sí idẹ, tánńganran ni mo fi rọ wọ́n. Ẹ lè yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè yìn ín lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá ti gbóná, ó máa rọ̀."

"Bí ọkọ mi gẹ́lẹ́," Casimira wí.

Gbogbo ojúde bú sẹ́rìn-ín. Àlùfáà pàápàá fi ìwé àdúrà bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀rín yẹn ló gbé wa gun òkè lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe ọgbọ́n, kì í sì í ṣe agbára. Bí èèyàn bá ti rẹ́rìn-ín báyẹn tán, ojú á máa tì í láti tún sọ pé ẹ̀rù ń ba òun.

Ọ̀rọ̀ wá di ibi tí a ó to àgbá sí. Gbogbo wa mọ̀ pé òkè San Sebastián ni, nítorí òun ló wà lẹ́nu ọ̀nà ìlú. Evaristo sọ̀rọ̀, ó jókòó sí orí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó na ẹsẹ̀ tó fọ́ síwájú.

"Ẹ má kó wọn lọ sí ṣóńṣó. Òkè yẹn pá, kò sí igi, kò sí ihò. Ẹ tò wọ́n sí ìdajì, lẹ́yìn àwọn òkúta ńlá yẹn. Wọn ò ní rí wa títí wọn á fi sún mọ́ wa. Bí àgbá bá sì rọ̀, a ṣì lè sá."

Àwọn ọkùnrin ń mi orí. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n olórí ìgbìmọ̀ ní, "Ìyá Wa ti Àánú ńkọ́?"

Ère Ìyá Wa, Màríà inú ṣọ́ọ̀ṣì wa, kì í gbélé bí ogun bá dé. A máa ń gbé e jáde tòun ti aṣọ olówùú wúrà rẹ̀, a ó sì gbé e síbi tó ti lè rí gbogbo òrùlé ìlú, torí kò sí bó ṣe lè dáàbò bo ohun tí kò rí. Láti ìdajì òkè, ìdajì ìlú ló máa rí.

"Ìdajì wo la fẹ́ kó má rí?" obìnrin kan béèrè. "Àdúgbò tèmi ni?"

"Ẹ gbé e sókè, ká fi àgbá sísàlẹ̀," Evaristo wí.

"Ká fi Ìyá Wa sílẹ̀ lóun nìkan?" Don Gaspar alára ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu yà á.

Ọmọ mi wò mí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi. Ṣùgbọ́n èmi pẹ̀lú kò lè rí ara mi kí n fi Ìyá Wa sílẹ̀ lórí òkè pá lóun nìkan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe pinnu láti kó àgbá lọ sí ṣóńṣó òkè. A da ọtí sílẹ̀ fún Ìyá Ilẹ̀, a búra: "Ilẹ̀ mu, kí àwa tó mu. Ẹni tó bá tú àṣírí wa, kí ilẹ̀ má gba òkú rẹ̀." Mo búra sókè pẹ̀lú wọn. Nínú mi, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ ilẹ̀ pé kó má gba òkú kankan láti ilé mi, ó ti gba mẹ́ta, kó yó.

Bí mo bá ní ogun náà pẹ́, irọ́ ni mo pa. Àwa obìnrin ló pọ̀ jù lórí òkè, a kó òkúta sínú yẹ̀ri, àwọn kan mú kànnàkànnà tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ lóko. Evaristo, tí àwa obìnrin gbé gòkè, jókòó sílẹ̀ nídìí àgbá kan, òun ló ń ti iná bọ̀ ọ́. Èyí tó kọ́kọ́ yìn balẹ̀ láàárín wọn, a hó yèè. Ìkejì lọ, a tún hó. Ní ìkẹta, ẹnu àgbá rọ wálẹ̀ bí ahọ́n ajá tí òòrùn pa, ọta inú rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀ níwájú wa, ó yí lọ díẹ̀, ó dúró. Gbogbo wa dúró tì í, à ń wò ó. Nígbà tí a gbójú sókè, wọ́n ti ń gun òkè bọ̀ láti ọ̀nà mẹ́ta, kò sì sí ohun tó bò wá bí kò ṣe ọ̀run.

Casimira sọ òkúta kan, ó bá ẹṣin. Ó yíjú sí mi láti fọ́nnu. Lẹ́yìn náà ló jókòó wẹ́rẹ́, bí ẹni tó rẹ̀. Kò dìde mọ́.

Mo pọn Evaristo. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, tàbí ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí. Ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n, mo fi aṣọ tí mo fi ń pọn àgbàdo láti ọjà gbá a mọ́ ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, mo ń bọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè bí ewúrẹ́ tó sanra.

"Ìyá mi, ẹ sọ mí kalẹ̀ kí ẹ máa sá lọ."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Nígbà tí mo pọn ẹ́ àkọ́kọ́, o kò sọ̀rọ̀ tó báyìí."

A dé ilé. Leoncia, aládùúgbò mi tí ọkọ rẹ̀ kò tí ì bọ̀ láti Pocona, tí kò sì ní bọ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì. Iṣẹ́ tí gbogbo ilé ọlọ́tí ń ṣe ni wọ́n jókòó tì: ìyẹ̀fun àgbàdo wà nínú àwo, wọ́n ń bù ú sẹ́nu, wọ́n ń fi itọ́ pò ó títí yóò fi di òkèlè, wọn a wá yọ ọ́ jáde lódidi, wọn a tò ó sórí ẹní. Láìsí itọ́ yẹn, ọtí kì í dùn. Bí ẹ bá ti mu ọtí wa rí, ẹ ti fi ẹnu kan ẹnu mi, ẹ kú oríire.

Leoncia ló rò ó. "Ẹ wọ̀ ọ́ ní yẹ̀ri. Ẹ jẹ́ kó jókòó sáàárín wa. Ẹni tí ìyẹ̀fun bá wà lẹ́nu rẹ̀, wọn kì í ní kó sọ̀rọ̀."

A fi yẹ̀ri mi mẹ́ta wọ̀ ọ́ lórí ara wọn. A fá irùngbọ̀n rẹ̀ ní wàràwàrà, a da aṣọ borí rẹ̀, a ti irun àgùntàn bọ ibi tí kò ní ohun tí mo ní. Ó jókòó, mo bu ìyẹ̀fun sí i lẹ́nu.

"Fi ahọ́n yí i. Tẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu. Má ṣe gbé e mì."

Ó mi orí. Mo bu tèmi sẹ́nu. Bàtà ti ń dún lójúde.

Kọ́pùrù kan, ọ̀gá kékeré nínú ogun Ọba, ló wọlé, ọmọ ogun méjì tẹ̀lé e. Ọ̀gá wọn wà lórí ẹṣin lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ̀ kalẹ̀. A fẹ́ dìde, kọ́pùrù na ọwọ́.

"Ẹ má dìde, ẹ̀yin ìyá. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Èdè wa ló sọ. Ọmọ ìlú Cuzco ni, wọ́n kó o látinú oko wá jagun fún Ọba tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ṣí fìlà. Ó ń fa òórùn ilé náà símú bí ọmọ tó padà délé.

"Kí n tó wọlé ni mo ti sọ fún àwọn wọ̀nyí pé ilé ọlọ́tí nìyí. Iṣẹ́ ìyá mi nìyí." Ó lọ sídìí ìkòkò ọtí tí mo ti pọn sílẹ̀ fún ọdún Ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó bu igbá kan, ó ta díẹ̀ sílẹ̀ fún Ìyá Ilẹ̀, ó mu ún, ó pa ojú dé. "Ó dùn. Ó dùn ju ti ìyá mi lọ, kó má gbọ́."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì tó wú. Mo rò pé yóò mu ún tán, yóò sì lọ. Ì bá lọ, bí kì í bá ṣe pé àárò ilé ń sọ ọ́. Ó tún bu òmíràn, ó fi ìdí lélẹ̀ níwájú wa.

"Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń yẹ òkèlè wò fún ìyá mi. Mo máa ń sọ ẹni tí tirẹ̀ pò jù." Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí Leoncia, ó ń ṣeré. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká wò."

Leoncia yọ tirẹ̀ síbẹ̀, òkèlè dáradára, ojú àjà ẹnu hàn lára rẹ̀. "Áà!" kọ́pùrù wí. Àwọn àbúrò Leoncia yọ tiwọn. Ọ̀kan fọ́ díẹ̀, kọ́pùrù fi í ṣẹ̀sín: "Ìwọ yìí, o ń rò nípa ọkùnrin." Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ọmọ mi.

Evaristo kò mira. Kọ́pùrù tún na ọwọ́. "Ó yá, ọmọge."

Ọmọ mi la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó ti gbé e mì. Láti Pocona, ìrora orúnkún kò tíì jẹ́ kó jẹun yó. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ìyẹ̀fun náà ṣe ń dùn lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ti gbà á, kó tó mọ̀.

Kọ́pùrù bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti jẹ ẹ́! Ẹ wo ọmọge alájẹkì yìí!" Àwọn ọmọ ogun méjì náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sún mọ́ wa láti wò ó. Ó fi àwàdà gbá ọwọ́ Evaristo mú, ó fẹ́ bu ìyẹ̀fun sí i fún un. Ẹ̀rín rẹ̀ sì dúró. Ẹ̀tù ìbọn ti wọ inú awọ ìka ọmọ mi, dúdú, omi kò lè fọ̀ ọ́. Gbogbo wa rí i. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà rí i.

Kọ́pùrù wò wọ́n. Wọ́n wò ó. Mo rí i pé ó ń wá ọ̀nà, bí ẹni tí omi ń gbé lọ tó ń wá gbòǹgbò igi dì mú. Bí ó bá dákẹ́, àwọn kò ní dákẹ́.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?" ọ̀gá kígbe láti orí ẹṣin.

"Ọkùnrin kan ni, ọ̀gá," ọ̀kan nínú àwọn méjì náà dáhùn.

"Ta ló ni ilé? Ẹ mú ẹni tó fi í pamọ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ dáná sun ibẹ̀."

Mo fẹ́ dìde. Leoncia fi èékánná gún itan mi, ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Evaristo ló dìde, ó di ògiri mú, ó ṣí aṣọ kúrò lórí.

"Mo mọ ẹni tó ni ilé ni?" ó ní, ó pariwo kí ẹni tó wà lórí ẹṣin lè gbọ́. "Mo já wọlé ni. Mo yọ ọ̀bẹ sí wọn, mo jí yẹ̀ri lórí okùn, mo ní ẹni tó bá ké, màá gún un. Ta ló fẹ́ mọ arúgbó onídìí ńlá yìí? Mo bu ọtí rẹ̀ mu, díẹ̀ ló kù kí n bì. Ó kan! Ó kan bí ìtọ̀ ẹṣin."

Ní àfonífojì wa, èèyàn lè sọ fún ọlọ́tí pé olè ni, kó sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kò jọ bàbá rẹ̀, wọn yóò bú ara wọn, yóò sì tán. Ṣùgbọ́n kí o sọ pé ọtí rẹ̀ kan, o ti sọ pé ẹnu rẹ̀ bàjẹ́, àti ti ìyá rẹ̀, àti ti ìyá ìyá rẹ̀. Wọ́n ti fi òkúta fọ́ orí ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo jókòó. Ìyẹ̀fun kún ẹnu mi, mi ò tu ú jáde, torí mo mọ ohun tó máa tẹ̀lé e jáde.

Kọ́pùrù wo igbá ọwọ́ rẹ̀. Ó ku díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó wo ojú mi, ó wo ojú ọmọ mi, a jọra, gbogbo ayé ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé igbá náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, òótọ́ ló sọ. Kì í ṣe ọmọ ilé yìí. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ọmọ tó lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọtí ìyá rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé wọ́n fẹ́ pa á."

Ẹni orí ẹṣin ní kí wọ́n mú un wá, kí wọ́n fi àwọn obìnrin sílẹ̀. Wọ́n mú un lọ tòun ti yẹ̀ri mi. Ó ń tiro, kò wẹ̀yìn. Ká ní ó wẹ̀yìn, wọn ì bá rí i lójú rẹ̀ pé ìyá rẹ̀ ni mí. Àwọn àgbà obìnrin tó wà lójúde ní ó dúró ṣinṣin níbi ògiri. Èmi kò sí níbẹ̀. Leoncia àti àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó lé mi lórí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí a fi gbọ́ ìró ìbọn.

Lọ́jọ́ ọdún Ara Olúwa, àwọn ará àdúgbò wá mu ọtí náà tán. Wọ́n yìn ín pé ó dùn.

Mo ṣì ń pọn ọtí. Ẹnu mi ṣì wà bó ti wà, ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, oníbàárà kan tó ti yó yóò gbé igbá kalẹ̀, yóò ní ọtí mi kan. Àwọn tí kò mọ̀ mí á sún àga sẹ́yìn, wọ́n á máa retí òkúta. Mi ò ní bú u. Màá bu igbá mìíràn fún un lọ́fẹ̀ẹ́, màá jókòó tì í, màá sì ní kó tún un wí.